Kí Àbámọ̀ Má Baà Gbẹ̀yìn Ọ̀rọ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí a jọ tú palẹ̀ lónìí, nítorí bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́.

Àwọn ọ̀dọ́ wa kan wà ní Ìkòtún, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Ìgándò tí wọ́n ń kọ́ èdè Spéìn lórí fóònù wọn. N kò bá wọn wí. Èdè tí wọ́n ń sọ láti Mẹ́síkò títí dé Ajẹntínà, tí ó sì jẹ́ èdè ìjọba ní Equatorial Guinea tí kò jìnnà sí Kàlàbá, kì í ṣe èdè àfojútẹ́ńbẹ́lú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà pàápàá, inú èdè yìí ni àwọn àrọ́mọdọ́mọ wọn ń gbé títí di òní. Ohun tí n kò fara mọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ wa bí wọ́n bá dé ibi tí gírámà èdè náà ti le. Wọn a ní èdè Spéìn ní ọ̀nà kan tí ó fi ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, ó sì ní ọ̀nà mìíràn fún ohun tí a kàn ń rò, tí a ń bẹ̀rù, tàbí tí a ń kìlọ̀ rẹ̀. Wọn a ní Yorùbá kò ní irú rẹ̀, pé èdè ọjà àti èdè ìbúra ni tiwa. Ohun tí ó sì dùn mí jù ni pé àwọn olùkọ́ kan tí ó yẹ kí wọ́n dá wọn lóhùn a máa mi orí sí i.

Irọ́ ni. Irọ́ náà kò sì mọ sínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́. Ó ti dé ara ògiri wa, ó ti dé ojú títì wa, ó sì lè ṣekú pa ènìyàn.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ohun tí èdè Spéìn ń ṣe. Ní èdè Spéìn, ọ̀rọ̀-ìṣe a máa pa ìrù dà. Ìrù kan wà fún ẹni tí ó ń sọ pé báyìí ni nǹkan rí. Ìrù mìíràn wà fún ẹni tí ó ń fẹ́, tí ó ń ṣiyèméjì, tí ó ń bẹ̀rù, tàbí tí ó ń dá ènìyàn lẹ́kun. Ìrù kejì yìí ni àwọn onígírámà ń pè ní subjunctive. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan nǹkan, wọn a ní "toca". Bí wọn kò bá fẹ́ kí ó fọwọ́ kàn án, wọn a ní "no toques". Ẹ rí i pé ìrù ọ̀rọ̀ náà ti yí padà. Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, ìrù kejì yìí ni wọn yóò lò, ìbáà jẹ́ wọ́n ní kí ó ṣe é, ìbáà jẹ́ wọ́n ní kí ó má ṣe é.

Ó wá ku ìkìlọ̀. Ẹ fi ojú inú wo wáyà iná tí ó já sílẹ̀. Ẹni tí ó ń sọ èdè Spéìn lè sọ pé "Si tocas el cable, te mueres", èyí tí í ṣe "Bí o bá fọwọ́ kan wáyà yìí, o ó kú." Lẹ́yìn "si" yìí, ìrù lásán ni ọ̀rọ̀-ìṣe ń lò, bí ẹni pé ìròyìn ni wọ́n ń ka. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ kí ìhàlẹ̀ wà nínú ohùn òun, yóò fi "como" rọ́pò "si", yóò sì pa ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe dà: "Como toques el cable, te mueres." Ìtumọ̀ kò yí padà púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ mọ̀ pé wọ́n ti na ìka sí òun. Bí ó bá jẹ́ ìbẹ̀rù ni ó wà lọ́kàn rẹ̀, yóò ní "No toques el cable, no sea que te mueras." Bí ẹni náà bá sì ti kú tán, ohùn tí ó kù ni "Si no hubiera tocado el cable, no habría muerto."

Ó dára, ó gún régé. Èwo nínú gbogbo rẹ̀ ni Yorùbá kò ní?

Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa kì í pa ìrù dà, òótọ́ ni. Ẹni tí ó ń wá ìrù lára ọ̀pọ̀lọ́ kò ní rí i, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ní kí ọ̀pọ̀lọ́ má fò. Wúnrẹ̀n kéékèèké tí a ń tò síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ni àwa fi ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi ìrù ṣe. Àkọ́kọ́ nínú wọn ni "bá". Ẹ gbọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin "ẹni tí ó dé" àti "ẹni tí ó bá dé". Èkíní ti wọlé, a lè pe orúkọ rẹ̀. Èkejì kò tíì sí, ẹnikẹ́ni ni ó lè jẹ́. Ààlà yìí gan-an ni èdè Spéìn pa sáàárín "el que llegó" àti "el que llegue". Ẹ tún gbọ́ "nígbà tí o dé, mo ń sùn" àti "nígbà tí o bá dé, jí mi". Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n pín "cuando llegaste" àti "cuando llegues". Ọmọ ọdún márùn-ún tí ó gbọ́ Yorùbá kò jẹ́ sọ pé "nígbà tí o dé, jí mi". Bí ó bá gbọ́ ọ lẹ́nu àlejò, yóò rẹ́rìn-ín. Ta ni ó kọ́ ọ? Ìyá rẹ̀ ni. Mélòó nínú àwọn tí wọ́n ní Yorùbá kò ní gírámà ni ó ti dúró rò ó pé ọmọ kékeré ń lo ohun tí àwọn ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ lórí fóònù? Àní, Yorùbá tún le ju èdè Spéìn lọ níbì kan: lẹ́yìn "si" tiwọn, ọ̀rọ̀-ìṣe lásán ń wọlé, ṣùgbọ́n lẹ́yìn "bí" tiwa, "bá" kò gbọdọ̀ má sí.

Ìkejì ni "kí". "Mo fẹ́ kí o wá" ni wọ́n ń pè ní "quiero que vengas". Nígbà tí àwọn àgbà sì sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, "kí" yìí ni wọ́n fi sọ fún wa pé orí ọmọ náà kò tíì wọ́, a kò sì fẹ́ kí ó wọ́. Fún ìhàlẹ̀ tí wọ́n ń fi "como" ṣe, àwa ní ju ẹyọ kan lọ. "Fọwọ́ kàn án, kí o rí i." "Bí o bá fọwọ́ kàn án pẹ́nrẹ́n!" "Dán an wò!" Ta ni yóò gbọ́ ìwọ̀nyí lẹ́nu ìyá rẹ̀ tí yóò rò pé ìròyìn ni ó ń ka?

Ìkẹta ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ. Òun ni "kí … má baà". "Má fọwọ́ kan wáyà yìí, kí o má baà kú." Ẹ wò ó bí àánú ti wà nínú gbólóhùn náà. Ẹni tí ó sọ ọ́ kò dúró sórí àṣẹ, ó sọ ìdí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí o mọ̀ pé ikú rẹ kò wu òun. Nígbà tí àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ayé Àjàyí Crowther dé ibi ìkìlọ̀ nípa igi inú ọgbà, wọn kò ní láti lọ yá ohunkóhun lọ́wọ́ òyìnbó. Wúnrẹ̀n yìí ti wà nílẹ̀, ó ń dúró dè wọ́n.

Ìkẹrin ni "ìbá", pẹ̀lú "kání" tí ó jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀. "Ìbá gbọ́ ni, kì bá tí kú." "Kání kò fọwọ́ kan wáyà náà ni, ìbá ṣì wà láàyè." Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ mọ́, tí kò sì lè ṣẹlẹ̀ mọ́ láéláé, ni à ń fi í sọ. Ẹ má sì jẹ́ kí a gbàgbé pé inú rẹ̀ ni Yorùbá ti yọ orúkọ tí a ń pe ìkẹ́dùn tí ó pẹ́ jù. Kí ni àbámọ̀, bí kò ṣe "à bá mọ̀"? Gbólóhùn odidi ni a sọ di ọ̀rọ̀-orúkọ. Èdè tí ó ti inú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ bí ọ̀rọ̀, tí ó sì fi pa òwe pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀, ṣé òun ni ẹnì kan yóò dìde pé kò mọ ìyàtọ̀ láàrin ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀?

Kì í ṣe pé ìwé kò sí. Crowther tẹ gírámà Yorùbá jáde ní ọdún 1852. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé tẹ tirẹ̀ ní 1966, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì tẹ tirẹ̀ ní 1978. Olùkọ́ tí ó bá ní Yorùbá kò ní gírámà fún ọ̀rọ̀ kání, kò ka ìwé ni.

Àwọn baba wa kò tilẹ̀ fi ìkìlọ̀ mọ sí ẹnu nìkan. Ẹni tí ó bá di igi ìdáná rẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà oko a fi ààlè lé e: ó lè jẹ́ bàtà gbígbó, ó lè jẹ́ ìkarahun ìgbín, ó lè jẹ́ àkísà pupa. Ẹni tí ó bá ń kọjá yóò wò ó, yóò sì kà á bí ẹni ń ka ìwé: bí o bá mú ohun tí kì í ṣe tìrẹ yìí, bí nǹkan yìí ti rí ni ìwọ náà yóò rí. Gbólóhùn kání ni ààlè, láìsí lẹ́tà kan lára rẹ̀. Òyìnbó ará Amẹ́ríkà kan, David Doris, rí i pé ọ̀rọ̀ náà jinlẹ̀ débi pé ó fi odidi ìwé kan ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 2011. Àwa tí a ni ín ń kọjá lára rẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo ohun tí a fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ rìn láti Ìkòtún lọ sí Ìgándò, kí ẹ ka ara ògiri. Gẹ̀ẹ́sì ni èyí tí ó pọ̀ jù: má ṣe tọ̀ níhìn-ín, má ṣe lẹ ìwé mọ́ ibí, ilé yìí kì í ṣe títà, wọn a sì fi "by order" kádìí rẹ̀. Àṣẹ ta ni? Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí kò bá tẹ̀lé e? Nítorí kí ni? Ìkìlọ̀ náà kò sọ. Ó jágbe mọ́ ènìyàn, ó sì dákẹ́.

Àwọn tí wọ́n gbìyànjú láti kọ Yorùbá ńkọ́? Ẹ ṣe sùúrù kí ẹ ka èyí: MAA TO SIBI. Kò sí àmì ohùn kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Bí a bá kà á sí "máà tọ̀ síbí", ó ń dá ni lẹ́kun. Bí a bá kà á sí "máa tọ̀ síbí", ó ń gba ni láyè, ó tilẹ̀ ń rọ̀ wá kí a má ṣíwọ́. Bákan náà ni E MA DA ILE SIBI, tí a kò lè mọ̀ bóyá "ẹ má" ni tàbí "ẹ máa". Ohùn kan ni ó wà láàrin àṣẹ àti ìdálẹ́kun, àwa sì sọ ohùn náà nù nítorí ọ̀dà ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, kí ó fi ọ̀rọ̀ títọ̀ sílẹ̀, kí ó fi "máa gbẹ́lẹ̀ síbí" sí i lójú ibi tí páìpù epo gbà kọjá.

Nítorí páìpù epo gba ilẹ̀ wa kọjá. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 2006, ọjọ́ kejì Kérésìmesì, iná sọ ní Abúlé-Ẹ̀gbá lẹ́yìn tí àwọn olè ti lu páìpù, tí àwọn ará àdúgbò sì ti kóra jọ síbẹ̀ láti bu epo. Ó ju igba ènìyàn lọ tí ó bá a lọ. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Karùn-ún ọdún 2008, katakátá tí ó ń ṣe ọ̀nà ní Ìjẹgùn, nítòsí Ìkòtún, ya páìpù epo, iná sì ran ilé àti ọ̀nà. Àjọ Red Cross ní àwọn tí ó kú tó ọgọ́rùn-ún. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà lára àwọn tí wọ́n fara gbá a.

N kò sọ pé àìsí gbólóhùn Yorùbá ni ó pa wọ́n. Olè ni ó lu ti Abúlé-Ẹ̀gbá, katakátá ni ó ya ti Ìjẹgùn. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìlú tí ó ti rí irú èyí lẹ́ẹ̀mejì láàrin ọdún méjì kò gbọdọ̀ fi ìkìlọ̀ ṣeré mọ́. Ìkìlọ̀ tí ó pé a máa ní ẹsẹ̀ mẹ́ta: ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí a bá ṣe é, àti ohun tí a ń sá fún. Pátákó tí ó bá sọ ní Gẹ̀ẹ́sì pé ewu wà, pé kí a jìnnà, ẹsẹ̀ kan ni ó fi dúró. Ẹ wo bí ti Yorùbá ì bá ṣe rí:

"Páìpù epo wà lábẹ́ ilẹ̀ yìí. Ẹ má ṣe gbẹ́lẹ̀ níhìn-ín, kí iná má baà sọ. Bí ẹ bá rí epo tí ó ń jò, ẹ má ṣe bù ú, ẹ má ṣe tan iná, ẹ tètè kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì pe 112. Ẹni tí ó bá dúró bu epo lè má délé."

Kò gùn. Ìyá arúgbó tí kò ka ìwé rí, bí ọmọ-ọmọ rẹ̀ bá kà á fún un, yóò lóye rẹ̀, yóò sì tún un sọ fún ẹlòmíràn bí ó ti gbọ́ ọ gan-an.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní gbogbo ará Èkó ni ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ó fi jẹ́ pé Yorùbá ni olóṣèlú máa ń sọ bí ó bá ń wá ìbò ní Ìdímù àti ní Ìpájà? Èdè tí ó dára fún ẹ̀bẹ̀ ìbò, ó dára fún ìkìlọ̀ ikú. Wọn yóò ní Àlímọ́ṣọ́ kì í ṣe ti Yorùbá nìkan, pé Ìgbò wà níbẹ̀, Hausa wà níbẹ̀, Ègùn wà níbẹ̀. Òótọ́ ni. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní ìjọba ìbílẹ̀ náà, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn kí wọ́n kọ Ìgbò, kí wọ́n kọ Hausa, kí wọ́n kọ Ègùn, kí wọ́n sì fi Gẹ̀ẹ́sì tì í. Ohun tí n kò fara mọ́ ni kí wọ́n fi ọ̀pọ̀ èdè wa ṣe àwáwí láti má ṣe kọ èyíkéyìí nínú wọn. Wọn yóò ní àmì ohùn ṣòro. Ẹni tí ó lè kọ́ ìrù ọ̀rọ̀-ìṣe Spéìn, èyí tí ó ń yí padà fún èmi, fún ìwọ, fún òun, fún àwa àti fún wọn, kò lè sọ fún mi pé àmì mẹ́ta wúwo lọ́wọ́ òun.

Ẹ̀bi ìjọba wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ní ọdún 2018, Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tí ó sọ Yorùbá di iṣẹ́ ọ̀ranyàn ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kò lè kọ́ ọmọ bí olùkọ́ kò bá gbà pé ohun kan wà láti kọ́. Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó máa bá a lọ. Nígbà tí àwọn tí ó wà lókè bá ń ṣe báyìí, kò yẹ kí àwa tí a wà nílẹ̀ máa ràn wọ́n lọ́wọ́ pé èdè wa kò jinlẹ̀.

Nítorí náà, mo ń bẹ̀ yín, mo sì ń pè yín níjà. Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ àti ti àwọn àgbègbè ìdàgbàsókè tí wọ́n yọ lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ìkìlọ̀ tí ẹ bá gbé kalẹ̀ ní "bí", "bá" àti "kí … má baà" nínú, kí àmì ohùn sì wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin onílé tí ẹ ń kọ ara ògiri, ẹ san owó ọ̀dà fún ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ fi "ẹni tí ó dé" àti "ẹni tí ó bá dé" sójú pátákó lọ́jọ́ kan ṣoṣo, kí ẹ bi àwọn ọmọ pé kí ni ìyàtọ̀ wọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ èdè Spéìn, ẹ máa kọ́ ọ lọ, àní "máa" tí ó ní ohùn òkè lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé orí "no sea que", ẹ rántí pé ìyá yín ti sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó mọ̀ ọ́n rìn, nígbà tí ẹ ń rá lọ sídìí iná.

Àwọn àgbà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Gbólóhùn kání ni òwe náà, ìkìlọ̀ sì ni. Ìlú tí kò bá lo "kí … má baà" nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, "ìbá" ni yóò máa lò nídìí sàréè. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ nísinsìnyí, kí a sì kọ ọ́ dáadáa.